Íónì Mẹ́táàlì nínú Ìhun Purotéènì: Orúkọ, Iye Iná àti Ìdìmú

1. Ìfáàrà

Láàárín àwọn iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ kẹ́místírì ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lóde òní, ọ̀kan pàtàkì ni ṣíṣe àwòṣe mọ́líkù. Àwòṣe níhìn-ín kì í ṣe ère tí a fi igi gbẹ́ tàbí tí a fi amọ̀ mọ, ìṣirò ni. A ó kọ ipò átọ̀mù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, a ó kọ bí átọ̀mù kan ti ń fa èkejì mọ́ra tàbí bí ó ti ń tì í sẹ́yìn, kọ̀ǹpútà yóò sì ṣírò bí gbogbo wọn yóò ti máa mì, àti ibi tí oògùn kan ti lè rí àyè wọ̀. Ṣùgbọ́n kí ìṣirò yìí tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ní láti palẹ̀ ìhun purotéènì náà mọ́: kí ó fi ohun tí ó kù sí i, kí ó sì yọ ohun tí kò yẹ kúrò. Níbi ìpalẹ̀mọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ íónì mẹ́táàlì ti máa ń dojú rú.

Ohun tí ó mú kí ọ̀ràn náà kan olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè ni pé orúkọ ni gbòǹgbò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ mẹ́táàlì. Orúkọ tí a kọ sílẹ̀ ni ó mọ̀. Bí orúkọ kan bá dúró fún ohun méjì, ìṣirò lè ṣìnà láìsí pé ẹnikẹ́ni fura. Bákan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń fi Yorùbá kọ́ yóò ṣìnà bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá ń ṣiṣẹ́ fún ohun méjì nínú ìwé tí a fi lé e lọ́wọ́. Nítorí náà, àlàyé iṣẹ́ náà àti yíyan ọ̀rọ̀ tí a ó fi ṣe àlàyé kò ṣeé yà sọ́tọ̀ ara wọn.

2. Irin kì í ṣe gbogbo mẹ́táàlì

Yorùbá ti mọ oríṣiríṣi mẹ́táàlì láti ìgbà pípẹ́, ó sì fún wọn lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan: irin, bàbà, òjé, wúrà, fàdákà. Ó tún mọ idẹ, tí í ṣe àdàlù bàbà àti síńkì. Èdè náà kò da alágbẹ̀dẹ irin pọ̀ mọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà. Síbẹ̀, nígbà tí a bá fẹ́ dárúkọ gbogbo wọn lápapọ̀, irin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lò. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Nínú kẹ́místírì purotéènì, ọ̀ràn náà yàtọ̀. Gbólóhùn bí i “purotéènì yìí ní íónì irin kan” lè túmọ̀ sí pé ó ní mẹ́táàlì kan tí a kò tí ì sọ irú rẹ̀. Ó sì tún lè túmọ̀ sí pé irin gan-an, èyí tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ Fe, ni ó wà níbẹ̀, bí ó ti wà nínú hẹmoglóbìnì inú ẹ̀jẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gba ìtumọ̀ kejì nígbà tí òǹkọ̀wé ní ìtumọ̀ kìn-ín-ní lọ́kàn yóò fi irin sí ibi tí síńkì yẹ kí ó wà. Ó tọ́, nígbà náà, kí irin dúró fún Fe nìkan, kí ọ̀rọ̀ àyálò mẹ́táàlì sì dúró fún gbogbo ẹbí náà.

Síńkì pẹ̀lú ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọn kan a máa pe páànù tí a fi ń bo ilé ní síńkì, bẹ́ẹ̀ sì ni irú páànù tí ó fa orúkọ yìí, irin pẹlẹbẹ tí a fi síńkì bò lára ni. Nínú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, síńkì gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ mẹ́táàlì tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ Zn, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ ohun mìíràn.

Íónì, ní tirẹ̀, ni átọ̀mù tí ó ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tàbí tí ó ti gba kún tirẹ̀. Mẹ́táàlì a máa pàdánù ni. Nítorí pé iná ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti àyọkúrò, átọ̀mù tí ó bá pàdánù méjì yóò ní iná àròpọ̀ méjì, èyí tí a ń kọ báyìí: +2. Iye iná ni orúkọ tí ó bá èyí mu. Agbára iná kò yẹ fún un, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà agbára ti ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe nínú físíìsì.

3. Ohun tí fáìlì ìhun ń sọ àti ohun tí kò sọ

Ní 1971 ni a dá ibi ìpamọ́ tí ń jẹ́ Protein Data Bank sílẹ̀ ní Brookhaven National Laboratory ní Amẹ́ríkà. Ìhun méje péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ohun tí ó wà níbẹ̀ ti lé ní 200,000. Ìhun kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀, átọ̀mù kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà tirẹ̀ nínú fáìlì náà. Lórí ìlà náà ni a kọ orúkọ átọ̀mù, nọ́ńbà ásíìdì amínò tí ó jẹ́ tirẹ̀, àti òǹkà mẹ́ta tí ń fi ipò rẹ̀ hàn.

Nínú ìlànà àtijọ́ tí a fi ń kọ fáìlì wọ̀nyí, àyè tí lẹ́tà kan wà lórí ìlà jẹ́ apá kan orúkọ náà. Bí CA bá bẹ̀rẹ̀ láti àyè kẹtàlá, kálísíọ́mù ni. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti àyè kẹrìnlá, kábọ́ọ̀nù álífà ni, èyí tí ó wà nínú gbogbo ásíìdì amínò láìku ọ̀kan. Àyè kan ṣoṣo ni ó la àárín mẹ́táàlì àti kábọ́ọ̀nù. HG pẹ̀lú lè jẹ́ mẹ́kúrì, ó sì lè jẹ́ háídírójìn kan lára ásíìdì amínò tí ń jẹ́ sẹ́rìnì. CD lè jẹ́ kádímíọ́mù, ó sì lè jẹ́ kábọ́ọ̀nù délítà. Ètò kọ̀ǹpútà tí kò bá ka àyè wọ̀nyí dáadáa, tí kò sì wo ibi tí a kọ irú átọ̀mù sí ní apá ọ̀tún ìlà, lè sọ kábọ́ọ̀nù di kálísíọ́mù. Ìlànà tuntun tí ń jẹ́ mmCIF fún irú átọ̀mù ní òpó tirẹ̀ gedegbe. Àṣìṣe tí ìlànà yìí ń dènà kò yàtọ̀ sí èyí tí irin àti mẹ́táàlì lè fà nínú ìwé Yorùbá.

Ohun tí fáìlì kì í sábà sọ ni ó pọ̀ jù. Àyè wà fún iye iná, ṣùgbọ́n òfìfo ni a sábà ń bá a. Háídírójìn kì í sábà sí níbẹ̀, nítorí pé ìtànṣán X kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Mẹ́táàlì fúnra rẹ̀ a máa dá wà lórí ìlà rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ń palẹ̀ ìhun mọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta láti dáhùn: Ṣé onílé ni mẹ́táàlì yìí tàbí àlejò? Kí ni iye iná rẹ̀? Ta ni ó dì í mú?

4. Onílé tàbí àlejò

Àpẹẹrẹ kan tí a mọ̀ dunjú yóò mú ọ̀rọ̀ náà yéni. Ẹ́ńsáìmù carbonic anhydrase II wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn àti nínú ojú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kábọ́ọ̀nù díọ́ksáìdì àti omi darapọ̀. Mọ́líkù rẹ̀ kan ṣoṣo lè ṣe èyí ní nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 1940, David Keilin àti Thaddeus Mann tẹ iṣẹ́ jáde tí ó fi hàn pé síńkì wà nínú ẹ́ńsáìmù yìí. Òun sì ni ẹ́ńsáìmù àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó ní síńkì.

Nínú ojú, ẹ́ńsáìmù náà ń kópa nínú pípèsè omi inú ẹyinjú. Nínú gílókómà, àìsàn tí ń ba iṣan ìríran jẹ́ tí ó sì lè fọ́ ènìyàn lójú, dídín ìfúnpá omi yìí kù ni ìwòsàn. Oògùn dọsólámáìdì, tí ó bọ́ sọ́jà ní 1995, ń ṣe èyí nípa dídì mọ́ síńkì inú ẹ́ńsáìmù náà. Ìmọ̀ nípa ìhun purotéènì sì wà lára ohun tí a lò láti ṣe é. Ẹni tí ó bá yọ síńkì kúrò nínú àwòṣe rẹ̀ ti yọ ohun gan-an tí oògùn náà ń dì mú.

Bẹ́ẹ̀ sì ni yíyọ ọ́ kò ṣòro. Ọ̀pọ̀ ìlànà ìpalẹ̀mọ́ a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ pé kí a yọ gbogbo ohun tí kì í ṣe purotéènì kúrò. Àṣẹ yìí dára fún iyọ̀ àti ọtí tí ó ṣẹ́kù láti inú omi tí a ti ṣe kírísítàlì, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé síńkì yàtọ̀ sí wọn. Ní òdìkejì, kò tọ́ láti fi gbogbo mẹ́táàlì sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kírísítàlì carbonic anhydrase II, a rí mẹ́kúrì ní ẹ̀gbẹ́ sísíténì 206, nítorí pé a fi èròjà tí ó ní mẹ́kúrì sínú omi náà kí kírísítàlì lè dára. Mẹ́kúrì yìí kì í sí nínú ara ènìyàn tí ara rẹ̀ dá. Àlejò ni, ó yẹ kí a yọ ọ́, kí a sì dá háídírójìn sísíténì náà padà. Nínú fáìlì kan ṣoṣo, nígbà náà, mẹ́táàlì méjì lè wà tí a gbọ́dọ̀ dá ọ̀kan sí kí a sì yọ èkejì.

Nígbà mìíràn, orúkọ tí a kọ gan-an ni kò dájú. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ìtànṣán X ń rí. Íónì magnísíọ́mù, íónì sódíọ́mù àti mọ́líkù omi ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́wàá mẹ́wàá, nítorí náà wọ́n jọ ara wọn púpọ̀ nínú àwòrán tí ìtànṣán náà ń yà. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: àyíká átọ̀mù náà ni yóò sọ irú ẹni tí ó jẹ́. Òṣùwọ̀n tí a ń lò ni áńgísírọ́ọ̀mù, tí a ń kọ ní Å. Ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà. Magnísíọ́mù a máa wà ní nǹkan bí 2.1 Å sí ọ́ksíjìn tí ó yí i ká, mẹ́fà ni wọ́n sì sábà ń jẹ́. Sódíọ́mù a máa wà ní nǹkan bí 2.4 Å. Omi sí omi jẹ́ nǹkan bí 2.8 Å. Bí a bá kọ magnísíọ́mù sílẹ̀, tí gbogbo aládùúgbò rẹ̀ sì wà ní 2.8 Å, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ omi lásán.

5. Iye iná

Àwọn mẹ́táàlì kan wà tí kò fa àríyànjiyàn: síńkì, magnísíọ́mù àti kálísíọ́mù a máa jẹ́ +2 nínú purotéènì, sódíọ́mù àti pọtásíọ́mù a máa jẹ́ +1. Àwọn mìíràn wà tí ó ń yí padà. Irin lè jẹ́ +2 tàbí +3. Bàbà lè jẹ́ +1 tàbí +2. Nínú hẹmoglóbìnì tí kò tí ì gbé ọ́ksíjìn, irin jẹ́ +2. Bí ó bá di +3, hẹmoglóbìnì náà kò lè gbé ọ́ksíjìn mọ́. Ìyàtọ̀ iná kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ohun tí ń gbé ẹ̀mí ró àti ohun tí kò wúlò fún iṣẹ́ náà.

Ètò kọ̀ǹpútà kan lè fi 0 sí ibi tí iye iná síńkì yẹ kí ó wà, nítorí pé òfìfo ni ó bá nínú fáìlì. Ìṣirò kò ní dúró. Yóò parí, yóò sì mú èsì jáde. Ṣùgbọ́n síńkì tí kò ní iná kò ní fa oògùn mọ́ra, oògùn tí ó dára jù lọ lè bọ́ sí ìsàlẹ̀ àkójọ, èyí tí kò wúlò lè gba ipò rẹ̀. Kíkọ iye iná sílẹ̀ fúnra ẹni, lẹ́yìn tí a bá ti ka ohun tí àwọn tí ó ṣe kírísítàlì náà sọ, ni ààbò tí ó wà.

6. Ìdìmú àti háídírójìn

Àwọn átọ̀mù inú ẹ̀wọ̀n purotéènì so pọ̀ mọ́ ara wọn nípa pípín ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lò. Ìsopọ̀ ni èyí. Mẹ́táàlì kò sí nínú ẹ̀wọ̀n náà. Átọ̀mù mìíràn, bí i náítírójìn, ọ́ksíjìn tàbí imí-ọjọ́, ni ó nawọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tirẹ̀ sí i, tí ó sì dì í mú. Ìdìmú ni orúkọ tí ó yẹ èyí, kí a má baà kà á sí ìsopọ̀ gidi. Àwọn átọ̀mù tí ń ṣe é ni olùdìmú.

Ọ̀wọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí olùdìmú fi di mẹ́táàlì mú kò lè mú háídírójìn dání ní àkókò kan náà. Ibí yìí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Òrùka hísítídìnì ní náítírójìn méjì: délítà, tí ó sún mọ́ ẹ̀wọ̀n, àti épísílọ́ọ̀nù, tí ó jìnnà sí i. Nígbà tí hísítídìnì kò bá ní iná, ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì ni ó ní háídírójìn. Nínú carbonic anhydrase II, hísítídìnì mẹ́ta ni ó di síńkì mú. Hísítídìnì 94 àti 96 ń fi épísílọ́ọ̀nù dì í mú, nítorí náà délítà ni háídírójìn wọn gbọ́dọ̀ wà. Hísítídìnì 119 ń fi délítà dì í mú, nítorí náà ti épísílọ́ọ̀nù ni tirẹ̀. Ètò tí ó bá fi háídírójìn gbogbo hísítídìnì sí épísílọ́ọ̀nù yóò tọ̀nà lórí ọ̀kan, yóò sì fi háídírójìn ha àárín síńkì àti olùdìmú méjì.

Sísíténì pẹ̀lú a máa pàdánù háídírójìn rẹ̀ kí imí-ọjọ́ rẹ̀ tó lè di síńkì mú, yóò sì ní iye iná −1. Ní 1985, Miller, McLachlan àti Klug ṣàpèjúwe irú ìhun kékeré kan nínú purotéènì TFIIIA ti ọ̀pọ̀lọ́, níbi tí sísíténì méjì àti hísítídìnì méjì ti di síńkì kan mú. Bí a bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, +2 ti síńkì àti −1 lẹ́ẹ̀mejì ti sísíténì yóò pa ara wọn rẹ́, yóò ku 0. Bí a bá fi háídírójìn sílẹ̀ lára àwọn sísíténì, +2 ni yóò kù, síńkì sì lè sá kúrò ní ààyè rẹ̀ nígbà ìṣirò.

Olùdìmú kẹrin síńkì nínú carbonic anhydrase II ni omi. Síńkì ń fa háídírójìn kan kúrò lára omi yìí nírọ̀rùn, títí tí yóò fi di háídírọ́ksáìdì tí iye iná rẹ̀ jẹ́ −1. Nígbà tí dọsólámáìdì bá dé, omi náà yóò yẹra, náítírójìn oògùn náà, tí òun náà ti pàdánù háídírójìn kan, yóò gba ipò rẹ̀. Nítorí náà, omi tí ó wà lára mẹ́táàlì kò sí lára àwọn omi tí a lè gbá dànù láìronú. Ìpalẹ̀mọ́ kì í ṣe ìgbálẹ̀.

7. Ọ̀nà mẹ́ta tí a ń gbà kọ ìdìmú sínú ìṣirò

Lẹ́yìn tí a bá ti dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ku bí a ó ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé ìdìmú wà. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ìdìmú aláìdè: a ó ka mẹ́táàlì sí bọ́ọ̀lù tí ó ní iná, fífà tí iná ń fa iná nìkan ni yóò sì mú un dúró. Ó rọrùn, ó sì fi ààyè sílẹ̀ fún olùdìmú láti yí padà. Ṣùgbọ́n síńkì tí ó yẹ kí ó ní olùdìmú mẹ́rin lè kó mẹ́fà jọ.

Ọ̀nà kejì ni ìdìmú adè: a ó kọ òfin kan tí ó dà bí sípíríǹgì sí àárín mẹ́táàlì àti olùdìmú kọ̀ọ̀kan. Ìhun náà kò ní bàjẹ́, ṣùgbọ́n olùdìmú kò lè lọ, òmíràn kò sì lè wọlé. Ọ̀nà kẹta ni ti átọ̀mù àfarawé, tí Johan Åqvist àti Arieh Warshel lò ní 1990: a ó pín iye iná mẹ́táàlì sára àwọn átọ̀mù tí kò sí ní òótọ́, tí a tò yí i ká síhà ibi tí olùdìmú yẹ kí ó wà. Bí ó bá jẹ́ pé ìyípadà kẹ́míkà gan-an ni a fẹ́ wò, kò sí èyí tí ó tó nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A gbọ́dọ̀ ṣírò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àyíká mẹ́táàlì fúnra wọn. Irú ìṣirò alápapọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí Warshel, Martin Karplus àti Michael Levitt tìtorí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́místírì ní 2013.

8. Àkójọ ọ̀rọ̀

Mẹ́táàlì: orúkọ gbogbo ẹbí tí irin, bàbà, síńkì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn wà nínú rẹ̀.
Irin: Fe nìkan.
Iye iná: òǹkà tí ń fi hàn bí íónì ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó tàbí bí ó ti gbà kún un tó.
Ìhun: ètò tí àwọn átọ̀mù purotéènì gbà wà.
Àwòṣe: ìhun tí a ti kọ fún ìṣirò.
Ìpalẹ̀mọ́: títún ìhun ṣe kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀.
Ìsopọ̀: pípín ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lò láàárín átọ̀mù méjì inú ẹ̀wọ̀n.
Ìdìmú: bí átọ̀mù kan ti ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tirẹ̀ mú mẹ́táàlì dání.
Olùdìmú: átọ̀mù tí ń ṣe ìdìmú.
Átọ̀mù àfarawé: átọ̀mù tí ó wà nínú ìṣirò nìkan.

9. Ìgúnlẹ̀

Ó hàn gbangba pé àṣìṣe tí ó burú jù nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí ń dá ìṣirò dúró, bí kò ṣe èyí tí ń jẹ́ kí ó parí pẹ̀lú èsì tí ó dára lójú. Síńkì tí a yọ, iye iná tí a fi sílẹ̀ ní òfìfo, háídírójìn tí ó há sí àárín: kò sí ọ̀kan tí ń pariwo nínú wọn. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìtumọ̀. Gbólóhùn tí ó pe síńkì ní irin yóò dún dáadáa létí, gírámà rẹ̀ kò ní ní àléébù, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì gbà á gbọ́. Olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè tí ó bá ya irin sọ́tọ̀ kúrò lára mẹ́táàlì, tí ó sì ya ìdìmú sọ́tọ̀ kúrò lára ìsopọ̀, ti ṣe apá kan nínú iṣẹ́ ìpalẹ̀mọ́ náà kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà rárá.